Ẹ̀bá igi ni kó o ju ìwọ̀ ẹ sí, fi àárín odò sílẹ̀

Ọmọ Ìbàdàn kan tó ń gbé ní Cedar Rapids, ní ìpínlẹ̀ Iowa, ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ odò kankan ju Ògùnpa lọ kí iṣẹ́ tó gbé wa wá síbí. Mo ra ọ̀pá ìwọ̀, mo ti lọ sétí Cedar River lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, ekòló mi ló kàn ń tán, mi ò rí ẹja kankan mú. Òyìnbó tó jókòó sísàlẹ̀ mi ń fa ẹja àrọ̀ tó tó apá jáde. Kí ni mò ń ṣe tí ò dáa? Ìyàwó mi tún ń sọ pé ọlọ́pàá á mú mi lọ́jọ́ kan, àti pé ẹja odò yẹn gan-an ò ṣeé jẹ."

Àbúrò, o kú ìrọ́jú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ò tíì pọ̀. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí èmi sí, orí ọ̀sà ni bàbá bàbá mi ti jẹun títí ó fi kú, torí ẹ̀ nígbà tí mo dé Iowa lọ́dún 2011, mo ti sọ lọ́kàn ara mi pé ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Ẹ̀pẹ́ ní ẹja pípa. Odindi June àti July ọdún yẹn ni mo fi jókòó sétí odò, ẹja mẹ́ta ni mo rí, ọ̀kan nínú wọn ò gùn ju ìka mi lọ. Ọ̀sà ni mo mọ̀, mi ò mọ odò. Ọ̀sà á rọra mì síbí, á mì sọ́hùn-ún, odò ń rìn lọ láìwẹ̀yìn ni, ìrìn tó ń rìn yẹn ló sì máa sọ ibi tí ẹja á gbé fún ẹ.

Jẹ́ kí n sọ ibi tó o ti ṣì í ná. O máa ń fi gbogbo agbára ju ìwọ̀ dé àárín odò, àbí mo parọ́? Gbogbo wa la ń bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a rò pé àárín ló jìn jù. Àárín Cedar River yẹn, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ iyanrìn ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ń sáré lórí ẹ̀, kò sí igi, kò sí òkúta, kò sí nǹkan tí ẹja lè sá sẹ́yìn ẹ̀. Ẹja ò ya òmùgọ̀, kò ní dúró síbi tí omi á ti máa tì í látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tí kò ní rí nǹkan jẹ. Nígbà míì gan-an ó lè jẹ́ ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 10 síbi tó o dúró sí ló wà, ìwọ lò ń ju ìwọ̀ kọjá orí ẹ̀.

Ẹja yẹn náà, kì í ṣe àrọ̀ wa gan-an o, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Channel catfish ni wọ́n ń pè é. Wo ìrù ẹ̀, ó là sí méjì bíi ti ọ̀bọ̀kún, ti àrọ̀ rí roboto. Tó o bá ti mọ ọ̀bọ̀kún dáadáa, o ti mọ channel dé ìdajì. Àrọ̀ lè wà nínú báàfù tí ò lómi fún wákàtí bíi mélòó kan torí ó ní nǹkan tó fi ń mí atẹ́gùn òkè, channel ò ní in, tó o bá gbé e sórí koríko nínú oòrùn July kò ní pẹ́ kú, ẹran ẹ̀ á sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. Torí náà gbé kúlà tó ní áìsì dání, má fi báàgì ọ̀rá lọ bí ẹni ń lọ Bódìjà. Ó ní ẹ̀gún mẹ́ta, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ẹja kékeré ló sì ń gúnni jù torí ẹ̀gún tiẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ọ̀kan gún mi ní àtẹ́lẹwọ́ lọ́dún kejì mi, mo rò pé kékeré ni, ọwọ́ wú títí dé ọrùn ọwọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi lè di stíárìn mọ́tò mú dáadáa. Ẹ̀yìn ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kó o ti fi àtàǹpàkò àti ìka dì í mú, kí ẹ̀gún òkè wà láàárín ìka ẹ, o ò ní ní wàhálà.

Èkejì ẹ̀ ni flathead. Orí ẹ̀ pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n gbé ọlọ lé e, ìrù ẹ̀ ò là. Ìyẹn ni ọba odò. Èyí tó tóbi jù tí wọ́n tíì fi ìwọ̀ mú tí wọ́n kọ sílẹ̀ lágbàáyé, ní Kansas ni, lọ́dún 1998, ó wọn pọ́n 123. Flathead ò fẹ́ràn òkú ẹja tó ti ń rùn, ẹja tó ṣì ń jà ló fẹ́. Gbàgbé ẹ̀ lọ́dún yìí, channel ni kó o kọ́kọ́ mọ̀.

Bí mo ṣe wá mọ ibi tí wọ́n ń gbé nìyí. Alẹ́ ọjọ́ kan ni, lórí odò Wapsipinicon, Wapsi làwọn ará ibẹ̀ ń pè é, kò jìnnà sí Central City. Mo ti jókòó láti aago mẹ́rin. Bàbá àgbẹ̀ òyìnbó kan dé ní bíi aago mẹ́jọ, ọ̀pá kan, báàkẹ́ẹ̀tì kan, agolo kọfí tó kún fún ekòló, aṣọ ẹ̀ ń rùn ẹlẹ́dẹ̀ díẹ̀. Ó kí mi, mo kí i. Ó wo ibi tí okùn mi nà dé, kò sọ nǹkan kan. Ó lọ dúró níwọ̀n ìṣísẹ̀ ogún sí mi, níbi tí igi ńlá kan ti wó látorí bèbè bọ́ sínú omi, tí àwọn igi míì àti pàǹtírí ti wá kó jọ sí i lára. Kò ju ìwọ̀ o, ó kàn fi ọ̀pá rọra jù ú sílẹ̀ bí ẹni ju òkúta fún ọmọdé, kò jìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ, lókè igi yẹn, ìyẹn apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀ wá bá igi, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Ó so aago kékeré kan mọ́ orí ọ̀pá, ó jókòó lórí báàkẹ́ẹ̀tì. Mi ò rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé tí aago fi dún. Ó mú mẹ́rin kí n tó lọ bá a. Gbólóhùn kan ló sọ fún mi, ó ní ẹja ò lè rí ìdẹ ẹ nínú omi tó dúdú tó báyìí, òórùn ló máa gbọ́, odò ló sì ń gbé òórùn, ìsàlẹ̀ ló sì ń gbé e lọ, torí náà lókè ilé ẹja ni kó o gbé oúnjẹ sí kí òórùn ẹ̀ wọlé lọ bá a. Mo padà sílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ń bínú sí ara mi. Ṣé kì í ṣe bí èéfín ẹja yíyan ṣe ń wọlé lọ bá ará àdúgbò náà nìyẹn ni!

Nítorí náà, tó o bá dé etí odò, má tíì tú okùn. Dúró kó o wo omi fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Wá ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Bèbè tó wà lóde kọ́nà yẹn ni omi ń jẹ, ilẹ̀ ibẹ̀ á ga, á dúró ṣánṣán bí ògiri, gbòǹgbò igi á ti máa yọ, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló jìn. Inú kọ́nà, ìyẹn òdìkejì ẹ̀, iyanrìn ló máa ń kó síbẹ̀, ibẹ̀ ló dáa fún ọmọdé láti ṣeré, kì í ṣe fún ìwọ̀. Tún wá ibi tí omi ti ń hó lórí òkúta wẹ́wẹ́, tí ariwo ẹ̀ ń dún, lẹ́yìn ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ wàá rí ibi tí omi ti dákẹ́ tó sì dúdú, ibú nìyẹn. Lọ́sàn-án ẹja máa ń sùn nínú ibú yẹn tàbí lábẹ́ igi, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú wọ́n á gòkè wá sí ẹnu ibú níbi tí omi tó ń hó yẹn ti ń já sínú ẹ̀, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wọlé. Ibú tó ní igi nínú lórí kọ́nà, ìyẹn ilé alájà mẹ́ta. Igi ò sì wọ́n wa níbí. Ìjì tí wọ́n ń pè ní derecho tó jà ní August 10, 2020, ìwọ náà á ti máa gbọ́ ìtàn ẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ibi iṣẹ́ ẹ, ó wó igi Cedar Rapids àti gbogbo àyíká ẹ̀ bí ẹni gé ewédú, ó ba Palisades-Kepler State Park jẹ́ gan-an, púpọ̀ nínú igi etí odò yẹn ló bọ́ sómi. Ohun tó ba ti èèyàn jẹ́ ló kọ́lé fún ẹja.

Ìwọ̀ á máa há mọ́ igi o, mi ò ní tàn ẹ́. Tó o bá lọ sílé láìpàdánù òjé kankan, ìyẹn nǹkan wúwo tó ń fa ìwọ̀ rì, o ò sún mọ́ igi tó.

Ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ò gba àlàyé púpọ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ta ọ̀pá $150 fún mi nígbà tí mo dé, ó ṣẹ́ sẹ́nu ọ̀nà mọ́tò kó tó mú ẹja kankan. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 7 tó le díẹ̀, okùn pọ́n 15 tàbí 20, ó ti tó. Bó o ṣe máa so ó nìyí: ki okùn bọ inú òjé tó níhò, kí òjé yẹn lè máa yọ̀ lórí okùn, lẹ́yìn náà so swivel, irin kékeré tó ń yí tí wọ́n fi ń so okùn méjì pọ̀, kí òjé má bàa sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibẹ̀, lẹ́yìn swivel okùn bí ínṣì 12, lẹ́yìn ẹ̀ ìwọ̀. Ìdí tí òjé fi gbọ́dọ̀ máa yọ̀ ni pé tí ẹja bá gbé ìdẹ, okùn á kọjá nínú òjé, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wúwo lẹ́yìn òun. Lo circle hook, ìwọ̀ tó ká ẹnu sínú bí òrùka tí wọn ò parí, torí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló máa ń kọ́, kì í lọ sínú ikùn, tí ẹja bá sì kéré o lè dá a padà láàyè.

Ekòló ẹ tó ń tán, mo mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ẹja wẹ́wẹ́ ni, wọ́n pọ̀ létí odò bí ọmọ iléèwé lásìkò ìsinmi, gbogbo wọn ló ń fẹ́ ekòló, wọ́n á já a díẹ̀díẹ̀ títí ìwọ̀ á fi ṣẹ́ kù níhòòhò. Ńṣe ni kó o fi ekòló kékeré mú méjì mẹ́ta nínú wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní chub ló dáa jù, gé e sí wẹ́wẹ́, kó o fi òun fúnra ẹ̀ ṣe ìdẹ. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló ń pe channel. Ẹ̀dọ̀ adìẹ náà dáa, àmọ́ ó rọ̀, bó o bá jù ú ìwọ̀ á lọ sọ́tọ̀ ẹ̀dọ̀ á lọ sọ́tọ̀, àfi kó o fi òwú ìránṣọ wé e mọ́ ìwọ̀ tàbí kó o gé sítọ́kín ìyàwó ẹ tó ti ya kó o di ẹ̀dọ̀ sínú ẹ̀ (èyí tó ti ya ni mo wí o). Nínú ooru July àti August àwọn ará ibí máa ń lo stinkbait, nǹkan kan tí wọ́n fi wàràkàṣì jíjẹrà pò, ó rùn ju ògìrì lọ, ìyàwó mi ní kí n yàn láàárín òun àti ike ẹ̀, inú gáréèjì ló ń gbé báyìí. Ẹni kan béèrè lọ́wọ́ mi rí bóyá irú á ṣiṣẹ́. Mo gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ méjì gbáko, ẹja ò kà á sí, mo sì fi irú gidi ṣòfò.

Àkókò ọdún náà lọ́rọ̀ tiẹ̀. Tí yìnyín bá ti yọ́ lórí omi ní March, àwọn ẹja kékeré tí òtútù pa, pàápàá shad, máa ń léfòó lójú omi, channel á máa jẹ wọ́n, òkú shad ni kó o lò nígbà yẹn. Láti May dé ìbẹ̀rẹ̀ June wọ́n ń jẹun bí ẹni tó ń tú ààwẹ̀. Lẹ́yìn náà, tí omi bá ti gbóná tó 75°F, wọ́n á wọ ihò lọ yé ẹyin, akọ ló ń ṣọ́ ẹyin yẹn kì í sìí fi bẹ́ẹ̀ jẹun, torí náà tí June bá ń parí tí gbogbo nǹkan dákẹ́ lójijì, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. July, August, September, alẹ́ lo ó máa lọ. October, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ bá ń fi ẹ̀rọ kórè àgbàdo tí eruku ẹ̀ gba gbogbo ojú ọ̀nà, wọ́n á ti máa kó lọ sínú ibú tó jìn jù, lẹ́yìn ìyẹn ó dìgbà tí yìnyín bá tún yọ́.

Kó o tó kúrò nílé, wo iye omi tó wà nínú odò lórí fóònù ẹ. USGS, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan, ní ẹ̀rọ tó ń wọn odò lójoojúmọ́ ní Cedar Rapids àti lọ́pọ̀ ibòmíì, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó o fẹ́ rí ni ìlà tó rọra gòkè díẹ̀ lẹ́yìn òjò, tàbí èyí tó ń rọra sọ̀ kalẹ̀. Tó bá ń gòkè wìtìwìtì, jókòó sílé. Odò yìí kì í ṣe ẹran ọ̀sìn o. Ní June 13, 2008, ó kún tó ẹsẹ̀ bàtà 31 ní Cedar Rapids, ó gba àárín ìlú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló bò.

Ohun tí mo fẹ́ kó o gbọ́ jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ mi nìyí. Àwọn dáàmù kéékèèké kan wà lórí odò Iowa, àwọn tí omi kàn ń gorí ẹ̀ kọjá, òmíì ò ga ju ìbàdí èèyàn lọ. Ẹja máa ń pọ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀ torí wọn ò lè gòkè kọjá ibẹ̀, torí náà àwọn apẹja náà pọ̀ níbẹ̀. Dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ kó o ju ìwọ̀. Má fẹsẹ̀ wọ omi ibẹ̀, má gbé ọkọ̀ sún mọ́ ọn, yálà láti òkè tàbí ìsàlẹ̀. Omi tó já kọjá orí dáàmù yẹn á gbẹ́lẹ̀ lọ sísàlẹ̀, á yí padà sókè, á tún padà sẹ́yìn lọ bá dáàmù, á máa yí bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró, tó bá gbá èèyàn mú á máa rì í á máa gbé e sókè, aṣọ tó ń múni léfòó (life jacket) gan-an lè má ràn án lọ́wọ́. Mo ti rí ìtì igi kan tó ń yí níbẹ̀ láti Saturday, mo padà lọ ní Wednesday ó ṣì ń yí. Àwọn panápaná ibí ń pe irú dáàmù yẹn ní ẹ̀rọ ìrini sómi. Tí bọ́ọ̀lù ọmọ ẹ bá kó síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ti lọ nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tí ìyàwó ẹ sọ. Ó ń sọ òótọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 16 gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì, tó o bá ti jẹ́ ará Iowa bíi $22 ni fún ọdún kan, orí áàpù Go Outdoors Iowa lo ti lè rà á láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọmọ ẹ tí ò tíì pé 16 ò nílò ẹ̀. Ọ̀fẹ́ tún wà fún ará ìpínlẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀ June, ẹ lè kó gbogbo ilé lọ. Okùn méjì ni kó o lò, ìwọ̀ méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, má sì fi wọ́n sílẹ̀ kó o lọ sùn nínú mọ́tò, ojú ẹ gbọ́dọ̀ wà lára ọ̀pá. Channel 15 lo lè mú lójúmọ́ nínú odò abẹ́lé bíi Cedar àti Wapsi, 8 tó bá jẹ́ adágún. Ọ́físà DNR, iléeṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó odò, ẹja àti igbó, lè yọ sí ẹ láti inú igbó láàárọ̀ kùtù, ó níbọn, á ní kó o ṣí kúlà ẹ. Má bẹ̀rù, má sáré ki ọwọ́ bọ àpò. Kí i, sọ fún un pé láísẹ́ńsì ẹ wà lórí fóònù, fi hàn án. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mi, ibi tí ẹja wà ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ parí, ọ̀kan gan-an ló fi ibú tí mò ń lọ ní gbogbo September hàn mí.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló lè fa wàhálà ju láísẹ́ńsì lọ. Oko àgbàdo àti sóyà tó o ń rí yẹn, gbogbo ẹ̀ ló ní olówó, òmíì sì ní odò kékeré tó gba inú ẹ̀ kọjá. Ní Iowa, àwọn odò ńlá kan wà tí ìjọba ló ni ìsàlẹ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ibi lórí Cedar àti Wapsi wà lára wọn. Lórí àwọn odò yòókù, o lè fi ọkọ̀ kọjá lórí omi, àmọ́ bí ẹsẹ̀ ẹ bá ti kan ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò yẹn, ilẹ̀ onílẹ̀ lo tẹ̀. Tó o bá kọjá sí Illinois tàbí Missouri tó o rí ọ̀dà aláwọ̀ elésè àlùkò (purple) lára igi tàbí òpó, ìyẹn náà túmọ̀ sí pé má wọlé, kò nílò kí wọ́n kọ nǹkan kan sí i. Ohun tó rọrùn jù ni kó o bẹ̀rẹ̀ níbi tí gbogbo èèyàn ń lọ. Káúntì 99 tó wà ní Iowa, kò sí èyí tí ò ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó pápá àti etí odò. Ìwọ lọ sí Pinicon Ridge ní Central City, orí Wapsi náà ni, ó sún mọ́ ẹ.

Jẹ́ kí n sọ èyí bí ẹ̀gbọ́n sí àbúrò. Ọkùnrin dúdú nínú igbó aláwọ̀ funfun lálẹ́, o ní láti fi ọgbọ́n kún un. Páàkì mọ́tò ẹ síbi tí wọ́n ti lè rí i, tan tọ́ọ̀ṣì orí, juwọ́ sí ẹni tó bá fi ọkọ̀ kọjá kó tó juwọ́ sí ẹ. Tó o bá fẹ́ lo ilẹ̀ àgbẹ̀ kan, lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, sọ orúkọ ẹ àti ibi iṣẹ́ ẹ. Mo ti kanlẹ̀kùn bíi mọ́kànlá láti ìgbà tí mo ti wà níbí, méjì péré ló sọ pé rárá. Ọ̀kan nínú àwọn tó gbà, mo máa ń gbé ẹja tí mo ti fọ̀ mọ́ lọ fún ìyàwó ẹ̀, òun náà á dì tòmátì fún mi ní August. Sọ ibi tó ò ń lọ fún ìyàwó ẹ ṣá, torí nẹ́tíwọ̀kì máa ń ṣá ní àfonífojì odò.

Igbó ibẹ̀ náà ní tiẹ̀. Èsìsì wà níbẹ̀, èsìsì gidi, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú ti ilé wa, ó pọ̀ lábẹ́ igi etí odò, torí náà ṣòkòtò gígùn. Ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú sọ́ọ̀kì torí eégbọn, tó o bá délé yẹ ara ẹ wò dáadáa, abíyá, ẹ̀yìn orókún, orí àwọn ọmọ, torí eégbọn kékeré kan níbí máa ń kó àìsàn Lyme ranni. Ewé kan wà tó máa ń yọ mẹ́ta mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, poison ivy, má fọwọ́ kàn án. Òwìwí á ké lórí ẹ. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ké lórí mi, aago mọ́kànlá òru, mo kó ẹrù mi mo wọ mọ́tò, mo ti ilẹ̀kùn, ọmọ Ẹ̀pẹ́ pátápátá, mo ń ka Psalm 91. Òwìwí yẹn ò wá ẹnikẹ́ni wá, eku ló ń wá.

Ṣé ẹja yẹn ṣeé jẹ? Ó ṣeé jẹ, mo ti ń jẹ ẹ́ láti 2011, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe wuni. Mẹ́kúrì máa ń wà nínú ẹran ẹja, ó ń pọ̀ sí i bí ẹja bá ṣe ń dàgbà tó sì ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ ẹ̀, fífọ̀ àti sísè ò lè mú un kúrò. Torí náà àwọn tó wọn pọ́n méjì sí mẹ́ta ni kó o máa kó lọ sílé, dá àwọn àgbà padà, wọ́n ò tiẹ̀ dùn. Àwọn kẹ́míkà míì máa ń gbé inú ọ̀rá, ìyẹn ni kó o gé ọ̀rá ikùn àti ẹran pupa dúdú ẹ̀gbẹ́ yẹn kúrò. DNR máa ń kọ orúkọ odò tí wọ́n ní kí èèyàn dín ẹja ẹ̀ kù, wò ó, pàápàá tí aláboyún tàbí ọmọ kékeré bá wà nílé. Nitrate tí ìyàwó ẹ lè ti máa gbọ́ nínú ìròyìn, èyí tó mú kí wọ́n ní káwọn ará Des Moines àti àyíká ẹ̀ má bomi rin koríko mọ́ ní June 2025, láti ara ajílẹ̀ oko ló ti ń wá, ọ̀rọ̀ omi mímu nìyẹn, kì í jókòó sínú ẹran ẹja. Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù náà ń ṣàn wọ odò lẹ́yìn òjò, fọwọ́ ẹ kó o tó jẹun, má fi ojú egbò wọ omi.

Òyìnbó máa ń fi pliers bó awọ ẹ̀ dànù, ó ń dùn mí tí mo bá rí i. Ìwọ fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ kí yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, da omi gbígbóná sí i díẹ̀, gé e roboto roboto, ìyàwó ẹ mọ èyí tó kù, efinrin ò sì ṣòro gbìn sínú ìkòkò níbí.

Dúró kí òjò kan rọ̀ kí omi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Dé Pinicon Ridge ní bíi aago méje ìrọ̀lẹ́, wá igi tó wó sómi lórí kọ́nà, gé chub ẹ, rọra jù ú sílẹ̀ lókè igi, ìṣísẹ̀ mẹ́fà, méje. So aago mọ́ orí ọ̀pá, $2 ni. Tó bá dún lẹ́ẹ̀kan tó dákẹ́, má dìde, ọmọ kékeré ni wọ́n. Tó bá dún tí kò dákẹ́ mọ́, tí orí ọ̀pá ń foríbalẹ̀ fún omi, má já a gbà bí ẹni já fóònù gbà lọ́wọ́ ọmọ, ìwọ̀ oníròbótó yẹn kì í fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kàn gbé ọ̀pá dìde, máa yí ríìlì, á ti kọ́ ọ lẹ́nu.